Ẹ má ta àṣírí oníbàárà yín mọ́ fóònù àlòkù

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ní Datcha, ìyá kan tó ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò fẹ́ ta fóònù wọn àtijọ́, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ kún owó tuntun. A bi wọ́n bóyá wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí! Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀." Orúkọ àwọn tó ń dá àjọ, iye tí oníkálukú ti dá, àwòrán káàdì ìdìbò àwọn kan nínú wọn, inú fóònù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

A gbà pé ìyá pa á rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a pa rẹ́ lè má tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi abà wé e. Ká ní ẹ kọ "iṣu" sára ilẹ̀kùn abà, tí ẹ sì wá nu ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ẹni tó ń kọjá á rò pé abà ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ iṣu ṣì wà nínú rẹ̀. Bí káàdì mẹ́mọ̀rì, fúláàṣì àti kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá tẹ "Supprimer", orúkọ ni ẹ̀rọ sábà máa ń nù. Fáìlì fúnra rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gba àyè rẹ̀. Àwa náà dán an wò. A pa àwòrán 40 rẹ́ lórí káàdì tiwa, a gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tòkópì. Ètò ọ̀fẹ́ kan ló fi wá a. Kí a tó mu omi ọ̀rá kan tán, 37 ti padà.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Kánádà ra háàdì díìsìkì àlòkù ní Tema, ní Gánà tó múlé gbè wá. Dọ́là 40 ni wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n sì bá ìwé iléeṣẹ́ Northrop Grumman nínú rẹ̀, ìwé nípa iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà. Bí iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè gbàgbé, kí ló kù fún aláàjọ?

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe?" Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan kọ́. Nígbà tí ìjọba pín owó Novissi lórí fóònù ní 2020, nọ́ńbà káàdì ìdìbò ni àwọn ènìyàn fi forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn, tó mọ orúkọ yín, tó sì mọ ẹni tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí, lè pe ọmọ yín ní Lomé kó sì sọ̀rọ̀ bí ará ilé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn tó fọkàn tán yín kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ta fóònù. Òfin 2019-014, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, wà ní Togo láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá yín nu fóònù.

Kí ni ká ṣe? Ẹ kọ́kọ́ da ohun tí ẹ ṣì fẹ́ lò kọ síbòmíràn. Ẹ yọ SIM àti káàdì mẹ́mọ̀rì. Ẹ má ta káàdì mọ́ fóònù. Ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ "Paramètres", ẹ wá "Réinitialiser", kí ẹ ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fóònù ìgbà tuntun máa ń ti ohun inú rẹ̀ mọ́lé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni yóò sì jù nù. Ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ní 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge dán fóònù Android àlòkù 21 wò, wọ́n sì rí nǹkan kó jáde lẹ́yìn irú ìparẹ́ yìí. Tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá ti gbé ìwé àjọ rí, èrò tiwa ni pé kí ẹ má tà á. Ní ti háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ òdo bo gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tó. Káàdì tó bàjẹ́, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóònù àlòkù lọ́jà, a bẹ̀ yín: ẹ máa pa á rẹ́ lójú ẹni tó tà á kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájọ, iléèwé àti ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ di òfin láàárín ara yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìyá yẹn jókòó tì wá. Kò tó ìdajì wákàtí tí a fi ṣe é. Wọ́n yọ káàdì mẹ́mọ̀rì, wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ wọn, wọ́n sì gbé fóònù lọ bá oníbàárà. Iye tó pè tẹ́lẹ̀ náà ló san.