Ìwé Ti Sọ Ìtàn Èjìgbò: Ta Ni Yóò Kà Á fún Ọmọ Èjìgbò?

Nígbà ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣólò àti àwọn ará Òkè Màpó a máa fi àtòrì na ara wọn ní gbangba. Àlejò lè pè é ní ìjà ìgboro, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ìtàn ìdí rẹ̀ mọ̀ pé ètùtù ni. Wọ́n ní Awólẹ́jẹ̀, babaláwo tí í ṣe ọ̀rẹ́ ọba, pe ọba ní ajẹyán bí ọ̀rẹ́ ti í pe ọ̀rẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lù ú, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, kò rọ̀, títí ìlú fi mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi, tí wọ́n sì gbà láti máa na ara wọn lọ́dọọdún fún ìpẹ̀tù.

Ìtàn yìí ti ré òkun kọjá. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba orúkọ ifá Fátúmbí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Orixás, tí ó jáde ní Brazil ní 1981. Oxaguiã ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń pe Ògìyán, wọ́n sì ń ṣe ọdún odó rẹ̀. Ọmọ Bahia lè ṣí ìwé kí ó bá Èjìgbò pàdé. Ọmọ Másífà tàbí ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ńkọ́? Èdè Potogí kò yé e, bàbá àgbà tí ì bá sì sọ ọ́ fún un kì yóò wà títí láé.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ti kan ọ̀rọ̀ àṣà. Ní 1953, Ìbàdàn ni UNESCO ti ṣe àpérò lórí ilé ìkàwé ìlú ní Áfíríkà. Ní 1960, Amadou Hampâté Bâ, ọmọ Mali, fi ikú arúgbó wé ilé ìkàwé tí iná jó. Ìlànà tí UNESCO sì gbé jáde ní 1994 ka ìtìlẹ́yìn fún àṣà àtẹnudẹ́nu mọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé. Nítorí náà, ilé ìkàwé ìlú kékeré kì í ṣe ibi tí a ń to ìwé ìdánwò sí nìkan.

Bí a bá fẹ́ ra ìwé tuntun fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èjìgbò, kí ti Yorùbá ṣíwájú: ìwé Fágúnwà, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Kí ti Faransé má sì gbẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ni ó ti fi Abidjan ṣe ilé, tí àwọn ọmọ wọn sì ń bọ̀ wálé pẹ̀lú èdè náà lẹ́nu. Kí a máa pa àlọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kí ọdún Ògìyán tó dé, kí àgbà kan ti Ìsàlẹ̀ Òṣólò àti èkejì láti Òkè Màpó jókòó, kí wọ́n sọ ìtàn bí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá.

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ tú àṣírí awo. Ohun tí a ń ṣe ní gbangba kì í ṣe awo. Èyí tí í ṣe awo, kí àgbà fi pamọ́. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí lè máa kọminú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mímọ ìtàn ìlú ẹni kì í ṣe ìbọ òrìṣà. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Òótọ́ ni pé ìwé ń gba owó, ṣùgbọ́n etí ọmọdé àti ẹnu àgbà kò gbówó.

Kí àwọn olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà, tìwé tì kálàmù. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń na àtòrì ni yóò lè fi í lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ìjà ìgboro ni yóò jogún.