Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá fẹ́ kí tọmọdé tàgbà ran ara wọn lọ́wọ́ la sábà máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo bí a ṣe ń kó ọmọ sínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí i pé òwe náà kan bẹ́líìtì gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú pẹpẹ. Ara àgbà ni wọ́n fi wọn bẹ́líìtì mọ́tò: ó gba èjìká àti àyà kọjá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí egungun ìbàdí. Lára ọmọ ọdún márùn-ún, ọrùn ni tòkè ń há, ikùn sì ni tìsàlẹ̀ ń tẹ̀. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ohun tó yẹ kó gbà á lè ṣe é léṣe nínú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe àga kékeré tí à ń gbé lé ìjókòó ẹ̀yìn: ó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì lè bọ́ síbi tó yẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí ọmọ máa lo àga tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135. Ti ìkókó yàtọ̀: àga tó kọjú sẹ́yìn ni tirẹ̀, a kì í sì í gbé e síwájú níbi tí àpò afẹ́fẹ́ ti lè tú lù ú.

Kèrègbè wá ńkọ́? Ibẹ̀ làwa àgbà ti ń tan ara wa. Ìyá á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, á ní, "Mo ti dì í mú." Bí mọ́tò tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá forí sọ nǹkan, agbára tí yóò fa ọmọ síwájú lè tó ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́nà ọgbọ̀n. Ọmọ kìlógíráàmù mẹ́wàá di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Apá ìyá wo ló lè dá a dúró, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà Òkè Ọya ń gbà?

Ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Lónìí, dírẹ́bà tó bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán á yára fa bẹ́líìtì sọ́rùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn á sì wà lórí ìdúró.

Ẹlòmíì á ní owó dà? Ìdílé tó lè dáwó ra aṣọ ẹbí fún ìkómọjáde lè dáwó ra àga fún ọmọ náà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má ra èyí tó ti sán, tàbí èyí tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti bá mọ́tò forí sọ nǹkan rí. Bí kò bá tíì sí àga, ẹ fi ọmọ sẹ́yìn, ẹ má fi bẹ́líìtì kan di ọmọ méjì, kí ẹ̀yin náà sì di tiyín. Ọmọ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má fa bẹ́líìtì bọ abẹ́ abíyá. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ní kí dírẹ́bà ṣáná sí mọ́tò, ẹ bojú wẹ̀yìn ná.