Gbèsè Dáyósíìsì Àgbà Baltimore: Lẹ́tà láti Maryland

Sí ẹ̀yin ará ilé,

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Dáyósíìsì Àgbà ti Ìjọ Kátólíìkì ní Baltimore, ìpínlẹ̀ Maryland, tọ ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbèsè ní Amẹ́ríkà lọ, ó ní kí wọ́n dáàbò bo òun lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun. Òun ni dáyósíìsì Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1789 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Owó ọrẹ kọ́ ló tán, kò sì sẹ́ni tó kówó ìjọ sá lọ. Owó gbà-má-bínú ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí, èyí tó tọ́ sí àwọn tí àlùfáà àti òṣìṣẹ́ ìjọ bá ṣèṣekúṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Oṣù Kẹrin ọdún yẹn gan-an ni àṣírí tú. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà Maryland gbé àbájáde ìwádìí jáde, ìwádìí tó kó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún já. Ẹni 156 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n sì fìyà jẹ lé ní 600. Àwọn olórí ìjọ mọ̀ nípa púpọ̀ nínú rẹ̀; wọ́n kàn ń gbé àlùfáà láti páríìsì kan lọ sí òmíràn ni. Bíbò tí wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ló sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan di gbèsè gbogbo ìjọ.

Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá ti kọjá ọmọ ọdún 38 kò lè pe ìjọ lẹ́jọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ni kì í lè la ẹnu sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí irun wọn á fi funfun. Gómìnà Wes Moore buwọ́ lu òfin tuntun tó mú gbèdéke yẹn kúrò pátápátá, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀ ni dáyósíìsì sáré wọ ilé ẹjọ́ gbèsè. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà William Lori ṣàlàyé pé ọ̀nà yìí ló máa jẹ́ kí owó kárí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí iṣẹ́ ìjọ má sì dúró.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láìsí ètò yìí, àwọn tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè gbà á tán. Àmọ́ kò sí ẹjọ́ tó lè tẹ̀ síwájú mọ́ ní ilé ẹjọ́ mìíràn. Ẹni tó ti ń retí ọjọ́ tí yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú, tí wọn yóò mú kí bíṣọ́ọ̀bù búra kó tó dáhùn ìbéèrè, di ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó ọjà. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni gbèdéke fọ́ọ̀mù náà. Adájọ́ Michelle Harner gba àwọn kan láyè láti wá sọ ohun tí ojú wọn rí nínú ilé ẹjọ́, èyí tó dára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ìdúnàádúrà ló kù. Ìgbìmọ̀ kan ń ṣojú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń jà kí owó tiwọn má pọ̀. Inú àpò dáyósíìsì sì ni owó lọ́ọ́yà dáyósíìsì àti ti ìgbìmọ̀ ti ń jáde. Bí àdéhùn bá wáyé, wọ́n á kó owó sínú àpò kan, ẹni tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni á sì yẹ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan wò kó tó pín in. Ó máa ń pẹ́: oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni Dáyósíìsì Rockville Centre ní New York wọ ilé ẹjọ́ gbèsè, òpin ọdún 2024 ni ó tó parí, pẹ̀lú mílíọ̀nù 323 dọ́là fún nǹkan bí 600 ènìyàn. Dáyósíìsì Àgbà Los Angeles kò gba ọ̀nà yìí rárá. Ní ọdún 2024, ó fara mọ́ sísan mílíọ̀nù 880 dọ́là fún 1,353 ènìyàn.

Máàsì kò dúró ní Baltimore, wọn kò sì ti ilé ìwé ìjọ pa torí ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Maryland fìdí òfin tí Moore buwọ́ lù múlẹ̀. Ní ọdún kan náà ni àríyànjiyàn mìíràn dé: dáyósíìsì ní ẹgbẹ́ aláàánú ni òun, pé òfin kò jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbà ju iye tí adójútòfò bá lè san lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú wọn kò gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín ní Maryland.