Adé Ń Bẹ, Àṣẹ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ Ilo-Awela, a ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ilé-iṣẹ́ Sángo nìkan ni ó sọ Ọ̀tà di ìlú. Irọ́ ni. Ìlú aládé ni Ọ̀tà láàrin àwọn Àwórì kí òyìnbó tó dé, Ọlọ́tà sì ni ọba ibẹ̀.

Ọ̀nà òkun ni ó kó bá a. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1830 ń wá ọ̀nà tí ọjà wọn yóò fi dé Àgbádárìgì àti Èkó, Ọ̀tà sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní 1842 wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. A kò ka èyí sí ọmọ Ẹ̀gbá òde òní lọ́rùn, nítorí ọmọ ìyá kan ni wá. Ìwé ni ó dùn wá jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1893, Gómìnà Carter bá àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé ilẹ̀ wọn yóò wà ní òmìnira níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa májẹ̀mú mọ́. Ọ̀tà wà nínú rẹ̀ bí ẹrù inú àpò. Ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn pa àwọn ará Ìjemọ̀, Lugard fagi lé àdéhùn náà. Ẹ̀gbá wá tọ́ ohun tí Ọ̀tà ti tọ́ wò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Íńdíà, ó lé ní 500 ìjọba àwọn ọba tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1947. Ìjọba tuntun gba ilẹ̀ wọn, ó sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún wọn. Ní 1971 owó náà pàápàá dópin.

Níhìn-ín, Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 fi ìfọwọ́sí ọba sí ọwọ́ ìjọba. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. A bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́tà, kí adé pẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n adé kọ́ ni yóò gba oko yín lọ́wọ́ agbára ìjọba. Òfin 1978 kan náà wí pé bí ìjọba bá gba oko, kí ó san owó ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ olúkúlùkù àgbẹ̀ pé kí ó ka igi ọ̀pẹ àti obì rẹ̀, kí ó wọn ebè ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú ìwé náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́.