Aṣọ Ìbora fún Tọkọtaya tí ó Ń Sùn Lóko

Nígbà tí kòkó bá pọ́n, tí ọyẹ́ sì dé, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní Adó-Èkìtì àti àyíká rẹ̀ a máa fi ilé sílẹ̀ lọ sùn ní ahéré. Kòkó tí a bá ti fọ́ ní láti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7 kí a tó sá a sóòrùn, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún olè lóru. Kí ni ó yẹ kí ìyàwó dì lẹ́rù tí òun àti ọkọ rẹ̀ yóò fi bora?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná. Àwọn mìíràn a máa gbé ẹyin iná wọ inú ahéré, wọn a sì ti ilẹ̀kùn pa nítorí ọyẹ́. Ewu ńlá ni èyí. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde láti ara èédú tí ó ń jó. Ojú kò rí i, imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. A máa pa ènìyàn sójú oorun. Ìta ni kí iná wà. Aṣọ ni kí ẹ fi lé òtútù lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ rántí pé ilẹ̀ pàápàá a máa fa ooru kúrò lára ẹni tí ó sùn lé e. Bí aṣọ tí ẹ fi bora ti wù kí ó nípọn tó, òtútù yóò mú yín bí ó bá jẹ́ ẹní kan ṣoṣo ni ẹ tẹ́. Ẹ tẹ́ ẹní 2 lé ara wọn, kí ẹ sì ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ po lé wọn lórí.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ìbora 2 tí ó fúyẹ́ sàn ju ẹyọ kan tí ó wúwo lọ. Ara ọkọ lè máa gbóná nígbà tí òtútù ń mú ìyàwó. Bí wọ́n bá ń fa aṣọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìbínú ni wọn yóò bá jí. Bí ó bá jẹ́ 2, ẹ lè dà wọ́n pọ̀ nígbà ọyẹ́, kí olúkúlùkù sì mú tirẹ̀ nígbà ooru. Kíjìpá olówùú tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tí a gbé dúró dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó nípọn, ó sì ń tọ́jọ́. Kúbùsù ọjà náà dára.

Àwọn ará wa tí ó ń pàgọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì a máa lo àpò ìsùn tí a fi ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ kún. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ìhùùhù náà ni ó ń pa ooru ara mọ́. Bí omi tàbí ìrì bá rin ín, ìhùùhù a lẹ̀ mọ́ra, kò sì ní wúlò títí yóò fi gbẹ. Èyí tí síìpù rẹ̀ ṣí dé ìsàlẹ̀ ni ó dára jù, nítorí a lè tẹ́ ẹ bí kúbùsù. Bí ẹ bá fẹ́ so 2 pọ̀, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí síìpù ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, kí ti èkejì wà lápá òsì. Ẹ má gba èyí tí a ṣe fún ilẹ̀ oníyìnyín. Òógùn ni yóò bò yín mọ́lẹ̀ ní Èkìtì.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ má ṣe fi aṣọ ìbora yín tàbí àpò ìsùn bo ọmọ ọwọ́, kí ó má baà dí i nímú. Ẹ tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ wọ ẹ̀wù tí ó nípọn fún un, kí gbogbo yín sì wà nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ẹ bá fọ àwọ̀n náà, ibòji ni kí ẹ sá a sí, nítorí oòrùn a máa ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọyẹ́ tó dé.