Afẹ́fẹ́ Inú Páìpù Ló Ń Pa A.C. Yín

Bí wọ́n bá ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun kọ́ n'Íbàdàn, ohun tí ojú sábà máa ń rí nìyí: ọmọkùnrin oníṣẹ́ á so páìpù bàbà, á tú gáàsì díẹ̀ sínú rẹ̀, á dẹ nọ́ọ̀tì kan kí afẹ́fẹ́ lè ráyè sá jáde, yóò dún "ṣììì", á sì tún un fún padà. Ìṣẹ́jú kan ò pé. "Mọ́mì, ó ti ń tutù o." Ìyá onílé á sàdúrà fún un, á sanwó.

Kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn ló jáde. Ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù ò tiẹ̀ mira. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tó ń di ásíìdì, tó sì ń jẹ ara wáyà mọ́tò. Lọ́jọ́ tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá wá jó, NEPA ni gbogbo ilé á dá lẹ́bi.

Fákúùmù pọ́ńpù, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ni oògùn rẹ̀. Omi tó jẹ́ pé 100°C ló ti ń hó lórí iná yóò hó ní 25°C, bí afẹ́fẹ́ inú páìpù bá ti dín kù sí nǹkan bí ìpín 3 nínú 100. Á di oru, pọ́ńpù á sì fà á jáde. Máíkírọ́ọ̀nù ni géèjì gidi fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ tó kù nínú páìpù. 500 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lé bá, ìyẹn ò sì tó ìdá kan nínú 1,000 afẹ́fẹ́ ìta.

Ṣùgbọ́n kéèyàn ní pọ́ńpù nìkan ò tó. Wọn kì í so ó mọ́ ẹ̀rọ tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, torí agbára gáàsì lè tu ọ́ìlì pọ́ńpù dànù. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba gáàsì àtijọ́ sínú sìlíńdà, kí ọwọ́ géèjì wálẹ̀ sí òdo. Kí wọ́n wo gíláàsì ara pọ́ńpù: ọ́ìlì tó bá funfun bí ògì ti mu omi, pípààrọ̀ ló kù. Rọ́bà kékeré ẹnu họ́òsì náà ńkọ́? Èyí tó bá ti gé á máa gba afẹ́fẹ́ wọlé bí pọ́ńpù ṣe ń fà á jáde.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ló léwu jù. Pọ́ńpù dákẹ́ lójijì, fálìfù tó wà láàárín pọ́ńpù àti A.C. ṣì wà ní ṣíṣí, inú páìpù sì ṣófo. Afẹ́fẹ́ ìta, tó ń fi agbára bíi kílò kan tẹ ibi tí kò ju èékánná ìka kékeré lọ, á gba inú pọ́ńpù wọlé, ó sì lè ti ọ́ìlì ìdọ̀tí rẹ̀ gba họ́òsì lọ sínú A.C. Àwọn pọ́ńpù kan ní ohun tó ń dènà èyí. Àwọn mìíràn ò ní in. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó tan pọ́ńpù tó wá lọ jẹun ń fi ẹ̀rọ oníbàárà ta tẹ́tẹ́. Kó dúró tì í, kí ọwọ́ rẹ̀ má jìnnà sí fálìfù. Kódà bí iná ò lọ, fálìfù ni yóò kọ́kọ́ tì, kó tó pa pọ́ńpù.

Àwọn kan ń fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àtijọ́ ṣe pọ́ńpù. Kì í lè fa ọ̀rinrin tán. Àwọn mìíràn ń tan A.C. fúnra rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ iná lè fò láàárín wáyà mọ́tò níbẹ̀ kó bà á jẹ́. Bó bá sì jẹ́ gáàsì tó ń gbaná, bíi R-32 tàbí R-600a, ìta gbangba ni kí ẹnu pọ́ńpù kọjú sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí.

Ó wá ku àwọn oníbàárà. Wọ́n ń san owó gáàsì láìjanpata, ṣùgbọ́n owó wákàtí kan tí oníṣẹ́ fi dúró ni wọ́n ń ná mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n san án. Kí wọ́n sì ní kó fi géèjì han àwọn lẹ́yìn tó ti fálìfù tó sì pa pọ́ńpù: bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 15, kó tú gáàsì. Bó bá ń gòkè láìdúró, ihò ń bẹ níbì kan, kó wá a rí kó tó gbowó.