Ìwé àṣẹ Àbújá kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ oko àgbẹ̀

Ká ní àwọn àlejò kan wọ oko kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń gbẹ́ ihò kiri, wọ́n ń di yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá lọ fún àyẹ̀wò góòlù. Àgbẹ̀ bi wọ́n léèrè, wọ́n na ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sí i. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ti parí. Èmi ò gbà.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Gómìnà lókè, Àbújá nísàlẹ̀, àgbẹ̀ wá há sáàárín.

Síbẹ̀, òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni kàn já wọ oko olóko. Ìwé wọn ò dọ́gba. Èyí tó wà fún kí wọ́n kàn wo ilẹ̀ yíká, ọdún kan ni, wọn ò sì gbọdọ̀ fi gbẹ́ ihò kankan. Ìwé ìṣàwárí, ọdún mẹ́ta ni, ilẹ̀ tó bá ìwé yẹn rìn sì lè gùn tó 20 kìlómítà, kó fẹ̀ tó 10. Ẹ ro iye oko tó wà nínú ìyẹn! Àmọ́ ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ojúbọ ò sí lára ibi tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Ohun tí wọ́n bá sì bà jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú.

Ibi tí òfin ti jò nìyí: àdéhùn ìdàgbàsókè tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ará ìlú ṣe, ẹni tó ti gbàwé láti máa wa kùsà gan-an nìkan ló kàn. Kò kan ẹni tó ṣì ń ṣàwárí. Bẹ́ẹ̀, àsìkò ìṣàwárí ni ẹsẹ̀ àlejò ń kọ́kọ́ wọ oko. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jókòó sọ̀rọ̀ àdéhùn, iléeṣẹ́ ti mọ ibi tí góòlù wà, àgbẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ta ló máa rí i jẹ nínú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀?

Àwọn míì á lọ kí baálẹ̀, wọ́n á fún un ní nǹkan, wọ́n á ní àwọn ti bá ìlú sọ̀rọ̀. Ṣé baálẹ̀ ló gbin kòkó ni? Ẹlòmíì gba ilẹ̀ dáko ni, ó sì fi ọdún mẹ́ta ó kéré tán tọ́jú kòkó kó tó so. Ẹni tó ń lo ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó ohun tó bà jẹ́ fún.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: Nàìjíríà nílò owó, epo rọ̀bì nìkan ò tó. Òótọ́ ni. Láti 2021 ni wọ́n ti ń yọ góòlù ní Segilola, lẹ́bàá Ìperindó, tòun ti ìwé àṣẹ. Mi ò ní kí wọ́n má wà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí àdéhùn ṣáájú ihò àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó àti n'Ìbàdàn làwọn òbí yín máa pè. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́, torí ó lè ti kú. Lóṣù kọkànlá 2023, mínísítà Dèlé Alákè fagi lé ìwé 1,633 torí pé àwọn tó ni wọ́n ò san owó ọdọọdún. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀ lórí ìkànnì Mining Cadastre Office. Ẹ bèèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí ọ́fíìsì yẹn máa ń gbà kó tó fúnni níwèé ìṣàwárí: ta ló fọwọ́ sí i? Ẹ ka igi kòkó, ẹ ya fídíò oko kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé onílé, á kọ́kọ́ kágò. Oko olóko náà ní àgò tiẹ̀.